Kì Í Ṣe Làkúrègbé, Kì Í Ṣe Ikọ́ Ife: Ẹ Jẹ́ Kí Iṣan Sọ Ọ́

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ọjà Mile 12 l'Ékòó ti máa ń gbóná. Àwọn tírélà tó kó tòmátì, tàtàṣé àti àlùbọ́sà wá láti òkè Ọya á ti tò gbọọrọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àwọn alábàárù á gbé apẹ̀rẹ̀ karí, wọ́n á máa pariwo pé kí èèyàn yà fún wọn. Láàárín ariwo yẹn ni ìyá aláta kan máa ń jókòó sí lórí àpótí kékeré, tí á máa ṣa ata tó ti rà kúrò nínú èyí tó ṣì dá ṣáṣá.

Ìjókòó ò ni ín lára. Ìdìde ni ìṣòro. Bó bá fẹ́ dìde, á kọ́kọ́ fọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, á gbé ọ̀kan lé orúnkún, á gbé èkejì lé itan, á wá máa fọwọ́ gun itan ara rẹ̀ lọ sókè díẹ̀díẹ̀ títí ìbàdí á fi nà. Ó ní ó tó ọdún kan tí òun fi ń dìde báyẹn, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun sì ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ara ọlọ́lá ló ń yọ òun lẹ́nu.

Kálukú ló ní ohun tó sọ. Àwọn àgbà ọjà ní làkúrègbé ni, kó lọ máa fi òrí para. Aládùúgbò kan ní ó ti tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ ní oríta. Ọmọ kẹ́míìsì ní Kétu po oògùn mélòó kan pọ̀ sínú ọ̀rá fún un, ara rẹ̀ sì yá fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ìrora náà tó padà. Nígbà tó yá, ikọ́ gbígbẹ wọ̀ ọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Wọ́n ya ẹ́síréè àyà rẹ̀, wọ́n rí òjìji funfun níbẹ̀, wọ́n ní ikọ́ ife ni. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò, wọn ò bá kòkòrò kankan. Síbẹ̀, oṣù mẹ́fà gbáko ló fi lo oògùn ikọ́ ife. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò yí padà.

Dókítà kékeré kan ló fọwọ́ tẹ ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ lọ́jọ́ kan, tó sì bá kókó líle méjì níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n gé díẹ̀ nínú iṣan náà lọ fún àyẹ̀wò, ìyẹn biopsy. Èsì tó jáde ni sarcoidosis. Màmá náà ò fẹ́ ká dárúkọ òun, a ò sì ní í dárúkọ ibi tó ti kọ́kọ́ gba ìtọ́jú.

Àìsàn tí ọ̀pọ̀ ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí

Ara wa ní àwọn sójà tirẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti bá kòkòrò àìsàn jà. Bí wọ́n bá pàdé ọ̀tá tí apá wọn ò ká láti pa, wọ́n á yí i ká, wọ́n á há a mọ́ àárín. Àpapọ̀ wọn á wá di kókó bíńtín tí ojú lásán ò lè rí. Granuloma ni àwọn dókítà ń pe kókó yìí. Ohun tó mú sarcoidosis yàtọ̀ ni pé kókó náà máa ń yọ káàkiri ara, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tíì rí ọ̀tá pàtó tí àwọn sójà náà ń bá jà. Wọn ò tíì mọ ohun tó ń fà á títí di òní. Kì í ràn láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn.

Nínú mẹ́wàá tó bá ní in, nǹkan bí mẹ́sàn-án ló máa ń mú ní ẹ̀dọ̀fóró tàbí ní àwọn kókó tó wà láàárín àyà. Ó tún lè mú ojú, awọ ara, ẹ̀dọ̀, ọkàn, àti iṣan. Ní ti àwọn kan, ó máa ń lọ fúnra rẹ̀ láìlo oògùn. Ní ti àwọn mìíràn, ó máa ń ba ibi tó bá wọ̀ jẹ́.

Jonathan Hutchinson, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe àmì rẹ̀ lára awọ ní 1877. Ní 1899, Caesar Boeck ní Norway gé nínú awọ aláìsàn, ó wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ó sì ṣàlàyé irú kókó tó wà níbẹ̀. Nítorí pé ìlú òtútù ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ dókítà ló dàgbà sínú èrò pé àìsàn àwọn òyìnbó ni.

Ìṣirò ò gbe èrò yẹn. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Detroit, tó jáde ní 1997, fi hàn pé nínú 100,000 èèyàn, àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń ní in lọ́dún kan jẹ́ 35.5, nígbà tí ti àwọn aláwọ̀ funfun jẹ́ 10.9. Èyí tí wọ́n ṣe ní London ní 1985 náà rí i pé ó pọ̀ lára àwọn aláwọ̀ dúdú ju lára àwọn òyìnbó ibẹ̀ lọ. Bernie Mac, apanilẹ́rìn-ín tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ nínú fíìmù, ní in fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kú ní oṣù kẹjọ 2008, nígbà tí òtútù àyà kọ lù ú. Reggie White, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, náà ní in. Ẹni ọdún 43 ni nígbà tó kú ní oṣù Kejìlá 2004.

Ilẹ̀ Áfíríkà níbí ni ìran àwọn aláwọ̀ dúdú yìí ti ṣẹ̀. Báwo ló ṣe wá jẹ́ pé ọ̀wọ́n ni àìsàn náà nílé wa? Àwọn dókítà nílẹ̀ wa ti kọ ìròyìn nípa àwọn aláìsàn tí wọ́n bá pàdé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìròyìn náà ò sì pọ̀. Àwọn kan gbà pé lóòótọ́ ni kò wọ́pọ̀ níbí. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ohun tí a ò wá, a ò lè rí i.

Òjìji ikọ́ ife

Nàìjíríà ló ní aláìsàn ikọ́ ife jù lọ ní gbogbo Áfíríkà, ó sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti pọ̀ jù lágbàáyé. Nítorí náà, ẹni tó bá ń húkọ́, tó ń rù, tó ń làágùn lóru ní Kòsọ́fẹ́, ikọ́ ife ló yẹ kí dókítà kọ́kọ́ rò. Kò sẹ́ni tó lè dá a lẹ́bi fún ìyẹn. Láti 2010 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí ẹ̀rọ GeneXpert, kò ju nǹkan bíi wákàtí méjì lọ tí ẹ̀rọ náà á fi sọ bóyá kòkòrò ikọ́ ife wà nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò náà ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba, ọ̀fẹ́ sì ni oògùn rẹ̀.

Ibi tí ẹ̀bi wà ni ìgbà tí ẹ̀rọ bá ti sọ pé kò sí nǹkan, tí oògùn oṣù mẹ́fà ò sì ṣiṣẹ́, tí wọ́n tún wá kọ oògùn náà lẹ́ẹ̀kejì. Òjìji tí sarcoidosis máa ń fi sínú ẹ́síréè àyà fara jọ ti ikọ́ ife débi pé ojú àgbà dókítà pàápàá lè ṣì í.

Àṣìṣe náà lè gba ọ̀nà méjì wá, kò sì sí èyí tó dára nínú wọn. Bí wọ́n bá fún ẹni tó ní sarcoidosis ní oògùn ikọ́ ife, àìsàn rẹ̀ á máa dàgbà sí i. Oògùn náà fúnra rẹ̀ lè ṣe ẹ̀dọ̀ ní jàǹbá, ethambutol tó wà nínú rẹ̀ sì lè ba ojú jẹ́. Bó bá wá jẹ́ ẹni tó ní ikọ́ ife lóòótọ́ ni wọ́n fún ní prednisolone, tí í ṣe oògùn sarcoidosis, ńṣe ni oògùn yìí á tẹ àwọn sójà ara lórí ba, tí ikọ́ ife á sì ráyè tàn ká gbogbo ara. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni dá a lé lórí ẹ́síréè nìkan. Ẹ̀rí gbọ́dọ̀ wá láti inú ẹran ara.

Kí ló dé tó fi jẹ́ iṣan?

Ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti lè gé e. Bí kókó bá yọ lára awọ, awọ ló rọrùn jù. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá lè ti ọ̀pá tó ní iná gba ọ̀nà ọ̀fun wọ inú àyà, kí wọ́n sì mú díẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n owó ńlá ni, ibi tí wọ́n sì ti lè ṣe é ò pọ̀.

Kókó ọrùn ńkọ́? Dókítà kan tó ti pẹ́ lẹ́nu títọ́jú àìsàn oríkèé àti iṣan l'Ékòó sọ fún wa pé ibẹ̀ gan-an ni iyèméjì ti máa ń pọ̀ jù. Ikọ́ ife fẹ́ràn kókó ọrùn. Bí wọ́n bá gé e tí wọ́n bá granuloma níbẹ̀, ẹni tó ń kà á á ṣì máa ronú pé ikọ́ ife náà ni. Ṣùgbọ́n ikọ́ ife kì í sábà wọ inú iṣan. Bí granuloma bá wà nínú iṣan, tí kò sí kòkòrò kankan níbẹ̀, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ka síbòmíràn.

Ohun kan tún wà tó yà mí lẹ́nu púpọ̀. Àwọn tí sarcoidosis ń mú iṣan wọn ro tàbí rọ kò tó mẹ́ta nínú 100. Síbẹ̀, àwọn ìwádìí àtijọ́ tí wọ́n ti gé iṣan àwọn aláìsàn yìí, títí kan àwọn tí ẹsẹ̀ ò dùn rárá, rí granuloma nínú ìdajì wọn ó kéré tán, nínú àwọn ìwádìí kan ó tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Ìyẹn ni pé ẹ̀rí náà lè ti wà nínú ẹran ẹ̀yìn ojúgun, lábẹ́ awọ níbẹ̀, nígbà tí gbogbo ojú wà lára ẹ̀dọ̀fóró.

Ọ̀nà mẹ́ta ló máa ń gbà bá iṣan jà. Ó lè jẹ́ kókó tí ọwọ́ lè tẹ̀, irú ti màmá aláta yẹn. Ó lè jẹ́ ìrora àti wíwú tó dé lójijì. Ẹ̀kẹta ló ń tan èèyàn jẹ jù: iṣan ìbàdí àti èjìká á kàn máa rọ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, obìnrin tó ti dàgbà díẹ̀ ló sì máa ń ṣe jù. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá ìbàjẹ́ iṣan lè jáde dáadáa nínú irú èyí, wọ́n á wá sọ fún un pé kò sí nǹkan tó ń ṣe é, ọjọ́ orí ni.

Bí wọ́n ṣe ń gé e

Gígé iṣan alààyè fún àyẹ̀wò kì í ṣe nǹkan tuntun. Duchenne, dókítà ilẹ̀ Faransé, ti ṣe abẹ́rẹ́ tó fi ń mú díẹ̀ nínú iṣan aláìsàn láti bí 1860 sí 1870. Ní 1962, Jonas Bergström ní Sweden tún irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe, tirẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ṣì ń lò. Ṣùgbọ́n fún sarcoidosis, ọ̀pọ̀ dókítà fẹ́ràn kí wọ́n fi ọ̀bẹ gé e, torí granuloma kì í tò déédéé. Ó lè wà níbí, kó má sí ní ibi tó kàn án. Abẹ́rẹ́ lè gba àárín wọn kọjá láì kan ọ̀kan.

Bó bá jẹ́ ẹran ẹ̀yìn ojúgun ni wọ́n fẹ́ gé, aláìsàn á dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Dókítà á fi bírò sàmì sí ibi tó fẹ́ gé, wọ́n á fi oògùn nu ibẹ̀, wọ́n á sì gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ojú ibẹ̀ kú. Awọ àti ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ nìkan ni abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ wọ̀, kò gbọdọ̀ wọnú iṣan, kó má baà dà á rú. Aláìsàn ò ní í sùn, á máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n á la awọ náà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3. Ọ̀rá á yọ ní yẹ́lò, lẹ́yìn rẹ̀ ni awọ funfun kan tó bo iṣan, lábẹ́ ìyẹn ni iṣan fúnra rẹ̀ ní pupa rẹ́súrẹ́sú. Wọ́n á gé méjì tàbí mẹ́ta nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1. Wọ́n á rán an pa. Ọjọ́ kan náà ni aláìsàn máa ń lọ sílé.

Iṣan tí wọ́n bá fẹ́ gé kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún lábẹ́rẹ́, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ èyí tó ti gbẹ tán. Èyí tó ti gbẹ tán ò ní nǹkan kan láti sọ mọ́ ju ọ̀rá àti àpá lọ.

Inú fọ́málínì ni wọ́n á ju ẹran náà sí, àyàfi èyí tí wọ́n bá fẹ́ fi wá kòkòrò ikọ́ ife láàyè, torí fọ́málínì á pa kòkòrò náà. Inú ìgò mímọ́ tí kò ní fọ́málínì ni ìyẹn gbọ́dọ̀ lọ. Àwọn àìsàn iṣan kan wà tó jẹ́ pé dídì ni wọ́n gbọ́dọ̀ mú kí ẹran náà dì lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rọ ìyẹn sì ṣọ̀wọ́n níbí. Granuloma ò béèrè irú ìyẹn. Fọ́málínì lásán tó o, ìdí sì nìyẹn tí mo fi gbà pé àyẹ̀wò yìí bá agbára wa mu.

Ní láàbù, wọ́n á fi ẹran náà sínú àbẹ́là, wọ́n á gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ láró, wọ́n á sì wò ó. Nínú ikọ́ ife, àárín granuloma sábà máa ń rà, á fọ́ yẹ́ẹ́yẹ́ẹ́ bíi wàrà gbígbẹ. Nínú sarcoidosis, àárín rẹ̀ máa ń le ṣinṣin. Wọ́n á tún fi aró mìíràn wá kòkòrò ikọ́ ife àti ti olú. Ẹ̀tẹ̀ náà lè dá granuloma sílẹ̀, dókítà á rò ó mọ́ ọn. Ẹran nìkan kọ́ ló ń dájọ́. Èsì rẹ̀, ẹ́síréè, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtàn aláìsàn ni wọ́n á pa pọ̀.

"Ṣé wọ́n fẹ́ gé màmá wa lẹ́sẹ̀ ni?"

Ọmọkùnrin kan tó ń wa márúwá láàárín Kétu àti Ìkòsí sọ pé nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n gé iṣan ìyá òun, ìpàdé ẹbí ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ fẹ́ mọ ohun tí ilé ìwòsàn fẹ́ fi ẹran ara èèyàn ṣe. Àbúrò ìyá rẹ̀ ní bí ọ̀bẹ bá ti kan àìsàn, ńṣe ló máa ń tàn ká. Ìyá fúnra rẹ̀ sunkún, torí aládùúgbò wọn kan tó ní ìtọ̀ ṣúgà lọ sílé ìwòsàn pẹ̀lú egbò, ó sì fi ẹsẹ̀ kan bọ̀.

Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ti òpè. Wọ́n ti rí i tó ṣẹlẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ló fi ọ̀rọ̀ náà ye wọn: ó fi ìka han ìyá náà bí ibi tí wọ́n fẹ́ gé ṣe tó, ó sì ní, "Màmá, ẹsẹ̀ yín lẹ máa fi rìn jáde." Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ìjíròrò yẹn gbà. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kì í fún aláìsàn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, wọ́n á kàn na ìwé sí i pé kó fọwọ́ sí i. Ewu tó wà níbẹ̀ lóòótọ́ ni ẹ̀jẹ̀, kí ojú ọgbẹ́ kẹ̀, tàbí kí awọ ibẹ̀ kú tipiri fún ìgbà díẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n sọ ìwọ̀nyí náà.

Oògùn inú ọ̀rá

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan gbogbo ará Kétu, Mile 12 àti Ìkòsí. Oògùn tí wọ́n ń pò pọ̀ sínú ọ̀rá fún ara ríro, àti èyí tí àwọn obìnrin kan ń rà láti fi sanra, prednisolone tàbí dexamethasone sábà máa ń wà nínú wọn. Èyí ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ tètè mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ara á yá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí oògùn náà ń tẹ granuloma pa. Bí wọ́n bá wá gé iṣan lásìkò yẹn, wọ́n lè má bá nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, wọ́n á sì kọ ọ́ pé kò sí àìsàn.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń lọ gé iṣan gbọ́dọ̀ sọ gbogbo ohun tó ti lò fún dókítà, títí kan àgbo àti èyí tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Kó mú ọ̀rá náà dání bó bá ṣì wà. Kò sì gbọdọ̀ dá a dúró lójijì fúnra rẹ̀ bó bá ti pẹ́ tó ti ń lò ó. Ara tí oògùn yẹn ti mọ́ lè dá kú bí wọ́n bá já a gbà lẹ́ẹ̀kan.

Prednisolone yìí kan náà ni dókítà máa kọ bí èsì bá fi hàn pé sarcoidosis ni, àmọ́ pẹ̀lú ìwọ̀n, fún ọ̀pọ̀ oṣù, á sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ó máa ń gbé ìfúnpá àti ṣúgà ga, ó sì ń jẹ egungun. Àwọn tí kò bá gbà á dáadáa, methotrexate wà. Kókó inú iṣan sábà máa ń gbọ́ oògùn. Rírọ tó ti pẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́, ìdí nìyẹn tí ọdún kan tí wọ́n fi pè é ní làkúrègbé fi dùn mí. Wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ojú àti ọkàn wò pẹ̀lú, bí wọn ò tiẹ̀ dun aláìsàn.

Láti Kétu dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè kà á

Ọ̀nà náà gùn. Èèyàn á bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ládùúgbò, wọ́n á kọ ìwé fún un lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Gbàgádà, ibẹ̀ á tún kọ ọ́ lọ sí LASUTH ní Ìkẹjà tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà. Ọ̀tọ̀ lowó yàrá iṣẹ́ abẹ, ọ̀tọ̀ ni ti láàbù. Ẹni tó bá wà lórí ètò adójútòfò Ìlera Èkó, kó béèrè ohun tí ètò náà bò àti ohun tí kò bò kí wọ́n tó gé e.

Lẹ́yìn ìyẹn, ta ló máa kà á? Dókítà tó ń ka ẹran ara lábẹ́ máíkírósíkóòpù kò pọ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ti japa. Èsì tó yẹ kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan lè di oṣù kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹbí ló ń gbé ẹran náà lọ sí láàbù fúnra wọn. Ọmọ tó ń wa márúwá yẹn ní inú ọ̀rá dúdú lòun gbé ìgò náà sí lórí itan òun nínú BRT, tí òun sì ń bẹ̀rù kí ẹnikẹ́ni má bi òun pé kí ló wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó wò ó bóyá orúkọ ìyá rẹ̀ wà lára ìgò náà, tàbí bóyá fọ́málínì ló wà nínú rẹ̀. Omi lásán tàbí omi iyọ̀ á jẹ́ kí ẹran náà rà kó tó débẹ̀, wọ́n á sì ní kí wọ́n padà wá gé òmíràn.

Bí èsì bá ti jáde, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan. Ẹ gba ìwé rẹ̀, kí ẹ sì wo nọ́ńbà tí láàbù kọ sórí rẹ̀. Àbẹ́là tí wọ́n fi ẹran náà sí kì í bàjẹ́, láàbù tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí dókítà mìíràn ní Ìbàdàn, ní Ìkẹjà tàbí ní London bá fẹ́ tún un kà lọ́dún mẹ́ta sí i, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n á fi wá a, wọ́n á gé fẹ́lẹ́ mìíràn lára rẹ̀, wọn ò sì ní í fi ọ̀bẹ kan ẹsẹ̀ aláìsàn mọ́.